Bí A Ṣe Lè Fi Ìwé Ìsàmì Wá Ìran Wa

Ní Ugbuwangue àti ní àdúgbò mìíràn ní Warri, bí a bá bi ọ̀dọ́ kan ní orúkọ bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀, ìdáhùn máa ń yá. Bí a bá tún sún un sẹ́yìn ní ìran kan, ọ̀rọ̀ a di "wọ́n ní, wọ́n ní". Ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ ní Warri ní 1997, ní 1999 àti ní 2003 sun ọ̀pọ̀ ilé, ìwé inú àpótí àwọn àgbà sì bá ilé lọ. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, àti àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n jẹ́ Itsekiri, mọ bí a ti ń ka ìwé tí kì í gbé inú ilé: ìwé ìsàmì, ti ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú tí ìjọ ń tọ́jú.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Póláńdì tí ń gbé Amẹ́ríkà ti ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá orírun wọn. Wọn kì í kọ́kọ́ sáré lọ sí Póláńdì. Páríìṣì tí baba ńlá wọn ti jọ́sìn ní Chicago ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí alùfáà ibẹ̀ lè ti kọ orúkọ abúlé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí àwa náà ṣe.

Ẹ bi àwọn àgbà pé: ìjọ wo ni bàbá bàbá yín ń lọ kí ó tó dé Warri? Orúkọ ìlú nìkan kò tó. Bí ìjọ Kátólíìkì bá ni, ẹ wo etí ojú ìwé dáadáa. Láti 1908 ni òfin Róòmù ti ní kí wọ́n kọ ìgbéyàwó ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìsàmì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú mìíràn ni ó ti gbéyàwó. Látìn ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n kí ó má dẹ́rù bà yín: natus ni "a bí i", pater ni bàbá, mater ni ìyá, patrinus sì ni ọkùnrin tí ó dúró fún ọmọ náà.

Orúkọ gan-an ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì bá ara rẹ̀ ní Freetown. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825, wọ́n sàmì fún un, ó di Samuel Crowther, orúkọ alùfáà kan ní London. Ẹni tí ó bá fi "Crowther" nìkan wá ìran rẹ̀, London ni yóò bá a dé. Ìyá rẹ̀, Afala, di Hannah nígbà tí wọ́n sàmì fún un ní Abẹ́òkúta ní 1848. Ta ni yóò ka orúkọ méjèèjì tí yóò mọ̀ pé ìyá àti ọmọ ni wọ́n?

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Sàró, ìwé kan wà tí ó ṣáájú ìsàmì. Ní Freetown, láti 1808, akọ̀wé ìjọba ń kọ orúkọ àbísọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, pẹ̀lú ọjọ́ orí, gíga àti ilà ara wọn. Ilà ojú! Ẹ mọ ohun tí ìyẹn ń sọ fún ọmọ Yorùbá.

Ní ti àwọn Àgùdà, kí ó tó di 1889, ìwé ìjọ ni ìwé ìbí ní Brazil. Ní Bahia, wọ́n sábà ń pe ẹrú tí ó bá jẹ́ Yorùbá ní nagô nínú rẹ̀. Orúkọ ìyá ọmọ àti ti ọ̀gá wà níbẹ̀, ti bàbá kì í sábà sí. Ọ̀pọ̀ tí ó gba òmìnira sì gba orúkọ ọ̀gá. Ẹ má tìtorí "da Silva" wá ẹ̀jẹ̀ Potogí kiri.

Bí ẹ bá rí orúkọ, ẹ dà á kọ bí ó ti wà, pẹ̀lú ọdún àti nọ́ńbà ojú ìwé. Ẹ má tún un ṣe: wọ́n ti kọ Àjàyí ní "Adjai" rí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ bá ìyá àgbà tí ó mọ oríkì ilé yín, kí ẹ sì ka orúkọ àwọn tí ó dúró fún ọmọ náà sí i létí. Òun ni ó lè sọ èwo nínú wọn tí ó jẹ́ ẹbí.