Bí A Ti Lè Kọ́ Ọmọdé Láti Kọ Oríkì Apanilẹ́rìn-ín

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ti gbà á sí ọkàn pé ewì kíkọ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé, àti pé bí ọmọdé bá tilẹ̀ máa kọ ewì, ohun tí ó wúwo ni kí ó kọ: ikú, ìfẹ́ ilé, tàbí ìyìn Ọlọ́run. Àwa náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni ní kíláàsì kẹrin ilé-ìwé kan, a rí i pé àwọn ọmọ tí ẹnu wọn kì í dákẹ́ ní àkókò ìsinmi a máa di odi bí a bá ti fi pẹ́ńsùlù lé wọn lọ́wọ́. Èyí ni ó mú kí a dán oríkì apanilẹ́rìn-ín wò. A fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ohun tí a rí níbẹ̀, àti àṣìṣe tí a ṣe.

Oríkì apanilẹ́rìn-ín ni ìyìn ńlá fún ohun kékeré. Ohùn tí a fi ń ki ọba ni a óò mú, tí a óò fi ki ìgbálẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ń kì kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín rárá. Bí òun bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu àwọn tí ń gbọ́. Nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn ọdẹ tí ń sun ìjàlá a máa ki erin, wọn a máa ki ẹfọ̀n, wọn a sì máa fi ọ̀bọ ṣe ẹ̀fẹ̀. Adébóyè Babalọlá kó ọ̀pọ̀ ìjàlá jọ sínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1966. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní tiwọn. Ní 1747 Thomas Gray kọ ewì fún ológbò ọ̀rẹ́ rẹ̀, Horace Walpole, èyí tí ó rì sínú ìkòkò omi níbi tí ó ti ń wá ẹja mú, ohùn tí a fi ń dárò akọni ni ó sì fi dárò ológbò náà.

Ní ọjọ́ kìíní, a wí fún àwọn ọmọ pé kí wọn kọ nípa ohunkóhun tí ó bá ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. A kò fi ààlà sí i. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ka tirẹ̀: ẹsẹ̀ ọmọ kan tí ó wọ́, tí ó jókòó ní ẹ̀yìn rẹ̀, ni ó kọ ọ́ lé lórí. Kí a má purọ́, ó mọ̀ ọ́n kọ. Àwa pàápàá ti fẹ́ rẹ́rìn-ín kí a tó rí ọmọ kejì tí ó gbé orí lé tábìlì. Ní ọjọ́ kejì ọmọ náà kò wá. A lọ sí ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a bá a níbi tí ó ti ń so ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ gbà wá dáradára, ṣùgbọ́n ó bi wá pé, “Tíṣà, ṣé èyí náà wà nínú ìwé tí ẹ ń kọ́ wọn?” A kò rí èsì fún un. Èébú ni orúkọ ohun tí a jẹ́ kí wọn kọ, kì í ṣe oríkì. Láti ọjọ́ náà ni a ti fi í ṣe òfin pé kò sí ènìyàn tí a óò kì, àfi bí ẹni tí ń kọ̀wé bá fẹ́ ki ara rẹ̀.

Ọmọ náà padà wá ní ọjọ́ kẹta, a sì mú ewúrẹ́, nítorí ọ̀kan wà tí kì í ṣe aláìwọ ọgbà ilé-ìwé lójoojúmọ́. A kó àwọn ọmọ jáde láìmú pẹ́ńsùlù, a ní kí wọn wò ó fún ìṣẹ́jú 15, kí olúkúlùkù sì mú ohun kan wá tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí. Ẹni àkọ́kọ́ wí pé ewúrẹ́ ní irùngbọ̀n. Ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n a bi í bóyá akọ ni tàbí abo. Ó tún wò ó: abo ni, ọmọ méjì sì ń mu ọmú rẹ̀. Nígbà náà ni ẹ̀rín sọ, nítorí gbogbo wọn rí i lójijì pé abiyamọ ni ó hu irùngbọ̀n. Ọmọbìnrin kan wí pé ó ti jẹ ojú ewé kan nínú ìwé ìṣirò òun rí, ó sì ń wo òun lójú bí ó ti ń jẹ ẹ́. Ọmọ tí a bá nídìí ewúrẹ́ ní àná wí pé kì í bẹ̀rù pàṣán, ṣùgbọ́n bí ẹ̀kán òjò kan bá kàn án, yóò sáré bí ẹni tí ogun lé. Gbogbo kíláàsì ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ni ó rántí.

Níhìn-ín ni èdè wa ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. A lè mú odidi gbólóhùn ní Yorùbá, kí a fi “a” síwájú rẹ̀, kí ó sì di orúkọ. “Ó jẹ ìwé, kò ka ìwé” di A-jẹ-ìwé-má-kàwé. “Kò” ti di “má”: àwọn ọmọ ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu láti ìgbà tí wọn ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ó yà wọ́n lẹ́nu láti rí i lórí pátákó. A kò béèrè pé kí òpin ìlà bá ara wọn dún bí ti orin Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a béèrè ni pé kí wọn pe ìlà kọ̀ọ̀kan sókè, kí wọn sì yí èyí tí ó bá kọ́ wọn lẹ́nu padà. Ohun tí wọn kọ nìyí:

Ewúrẹ́, abiyamọ onírùngbọ̀n,
A-jẹ-ìwé-má-kàwé,
A-bẹ̀rù-òjò-má-bẹ̀rù-pàṣán.
O dé ilé olówó, o kò kan ilẹ̀kùn;
O dé ilé tálákà, o kò tọrọ àyè.
A lé ọ lẹ́ẹ̀kan, o ní o ti gbọ́;
A lé ọ lẹ́ẹ̀mejì, o ní o ti gbọ́;
A yíjú padà, iṣu ti tán.
Bí ìwé jíjẹ bá ṣe ìwé mímọ̀,
Ìwọ ni ì bá jẹ́ ọ̀gá wa.

Ìlà kẹfà sí ìkẹjọ ni kí olùkọ́ tọ́ka sí bí ó bá ń fẹ́ fi àwítúnwí hàn wọ́n: ẹ̀ẹ̀mejì ni a sọ ohun kan náà, kí ìlà kẹta tó já wa kulẹ̀. Ìlà tí ó gbẹ̀yìn kó ìpayà díẹ̀ bá wa, nítorí ọ̀gá ilé-ìwé náà ní irùngbọ̀n. Ó kà á, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì ní kí a tún un kà sí etí gbogbo ilé-ìwé.

Ọmọ tí ó ni ìlà pàṣán bẹ̀bẹ̀ pé kí òun dà á kọ lọ fún ìyá òun. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, ó sì sọ fún wa ní ọjọ́ kejì pé orí àjà ni àwọn gbé e sí, kí ẹni tí a kì má bàá jẹ ẹ́.