Ta Ni Yóò Jókòó Ti Aláìsàn? Ẹ̀kọ́ Lórí Àrùn Jẹjẹrẹ

Bísímíláhì Ráhímánì Ráhíímì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí àìsàn àti ìwòsàn wà ní ọwọ́ Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, orí àṣìṣe àwa fúnra wa ni ẹ̀kọ́ oṣù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Arábìnrin kan wà nínú àsàlátù wa ní ìlú Ọ̀yọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó wá sílé ọkọ. Ó rí kókó kan ní ọyàn rẹ̀. Kókó náà kò dùn ún, nítorí náà ó fi pamọ́ fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí ó wá sọ fún wa, a ṣe àdúà fún un, a sì dá owó díẹ̀ jọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó béèrè pé, "Arábìnrin wa, ta ni yóò bá yín dé Ìbàdàn?" Ìgbà tí ó gba oògùn ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni a tó gbọ́ pé òun nìkan ló ń wọ mọ́tò lọ, òun nìkan náà ló sì ń bì bọ̀ lójú ọ̀nà. Ojú tì wá. Ìdí nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

KÍ NI JẸJẸRẸ?

Ara ènìyàn kún fún àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Bí Ọlọ́hun ti ṣètò wọn ni pé wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń pín sí méjì, wọ́n ń kú, òmíràn sì ń rọ́pò wọn. Bí ètò yìí bá dàrú lára díẹ̀ nínú wọn, wọn kò ní kú nígbà tí ó yẹ kí wọ́n kú. Wọn yóò máa pọ̀ sí i títí wọn yóò fi di kókó tàbí egbò, wọ́n sì lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibòmíràn nínú ara. Èyí ni à ń pè ní jẹjẹrẹ. Kì í ràn nípa ìfọwọ́kàn tàbí nípa jíjẹun pọ̀ nínú abọ́ kan.

Kò sì tọ́ kí a máa sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ aláìsàn ló fà á. Ànábì Ayyúbù, tí a mẹ́nu bà nínú Súrátùl-Áńbíyáì, ẹni Ọlọ́hun ni, síbẹ̀ ìnira kàn án. Kì í ṣe ohun ìtìjú pẹ̀lú. Agbẹjọ́rò àgbà nì, Gani Fáwẹ̀hìnmí, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, kò fi pamọ́ fún aráyé pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń bá òun jà kí ó tó jáde láyé ní ọdún 2009.

ṢÉ ÌWÒSÀN WÀ?

Ànábì (SAW) kọ́ wa pé àrùn àti ìwòsàn, ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni méjèèjì ti ń wá, ó sì pàṣẹ fún àwọn tí ó bi í léèrè pé kí wọ́n máa tọ́jú ara wọn. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 1958, Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Uganda, kọ̀wé nípa kókó kan tí ń wú ní párí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn náà rí i lára àwọn ọmọ wa. Kíákíá ló ń dàgbà, kíákíá ló sì ń pa ọmọ. Ṣùgbọ́n lónìí, oògùn lè wò ó sàn pátápátá, bí a bá tètè gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn tí ó sì gba oògùn rẹ̀ pé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹjẹrẹ ọyàn. Iṣẹ́ abẹ wà fún un. Oògùn tí wọ́n ń fi dírípù fà sí iṣan, tí à ń pè ní kímò, wà fún un. Ẹ̀rọ onítànṣán wà, hóró oògùn sì wà tí àwọn mìíràn yóò máa lò fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ṣe tètè dé sí ni ìrètí ṣe ń pọ̀ sí.

Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin má sì rò pé àìsàn àgbà nìkan ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Chicago, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ìdí tí jẹjẹrẹ ọyàn fi máa ń tètè mú àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà. Kókó tí kò dunni, ojú ọmú tí ó wọnú, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde láti ojú ọmú, ẹ̀jẹ̀ tí ń dà lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá: ẹni tí ó bá rí èyíkéyìí nínú wọn, kí ó lọ fi han dókítà. Ti ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti ọdún 2023 sí 2024 ni ìjọba àpapọ̀ gbé e káàkiri fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ẹ jẹ́ kí àwọn àbúrò wa gbà á.

HÀNTÚ ŃKỌ́?

Àwọn kan yóò sọ pé, "Àwa ń mu hàntú, a gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun." Àwa olùkọ́ ilé-kéú kò lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi Àlùkùránì wá ìwòsàn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó pa ìlànà Ànábì tì lórí oògùn kò lè pe èyí ní ìgbẹ́kẹ̀lé. Kí aláìsàn máa gba àdúà, kí ó sì máa gba oògùn. Áfáà tí ó bá sọ pé kí aláìsàn dá oògùn dókítà dúró, kí ó mọ̀ pé òun yóò jíhìn.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè yẹ kókó wò kò jìnnà sí wa. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ńlá LAUTECH wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti Bowen, tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní ọdún 1907. Kí orúkọ tí ó wà lára ògiri má ṣe dí Mùsùlùmí lọ́wọ́ láti wọlé. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀rọ onítànṣán, UCH ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, ni wọ́n sábà máa ń darí wa sí.

ẸNI TÍ Ó DÚRÓ SÍLÉ

Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ń lọ sí ogun Badr ní ọdún kejì Híjírà, Ruqayyah, ọmọ Ànábì (SAW), wà lórí àìsàn. Ọkọ rẹ̀ ni Uthman ọmọ Affan. Ànábì ní kí ó dúró ti aya rẹ̀, ó sì fi dá a lójú pé ẹ̀san àti ìpín ẹni tí ó lọ sójú ogun jẹ́ tirẹ̀. Ruqayyah kò yè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀san Uthman kò dínkù. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin ni, ọkọ ni, ìtọ́jú aláìsàn kò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ ṣírò ọ̀nà. Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn tó nǹkan bí 50 kìlómítà. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn tó nǹkan bí 100. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ń gba kímò. Ti ẹ̀rọ onítànṣán sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan léraléra. Ta ni ó lè máa lọ kí ó máa bọ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ara tí ó ti rẹ̀? Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Nítorí náà:

1. Kí ẹgbẹ́ pín ọjọ́ láàárín ara wọn, kí aláìsàn má ṣe dá lọ.
2. Kí a bá a wá ibùsùn ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ àwọn ará wa. Kí a sì béèrè kí a tó gbéra bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́.
3. Kí gbogbo ìwé àyẹ̀wò wà nínú fáìlì kan, kí ẹni tí ó tẹ̀ lé e máa kọ ohun tí dókítà bá sọ sílẹ̀.
4. Bí ara ẹni tí ń gba kímò bá gbóná, ilé ìwòsàn ló yẹ kí ó lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí agbára ara rẹ̀ láti bá àrùn jà ti dínkù.
5. Kí àwọn tí ara wọn le lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.
6. Kí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùtọ́jú pẹ̀lú. Ọmọbìnrin kan tàbí aya kan ni a sábà máa ń di gbogbo ẹrù lé. Ẹ jẹ́ kí ó sùn.

Ní ti ìjọsìn, Ọlọ́hun kò ni wá lára. Ẹni tí kò lè dúró, kí ó jókòó kírun. Bí kò bá lè jókòó, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹni tí omi yóò ṣe ní ibi, kí ó ṣe táyámọ́mù. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì dúró de ìgbà tí ara bá yá. Ẹni tí kò sì sí ìrètí pé yóò tún lè gbà á, kí ó máa bọ́ tálákà kan dípò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

LẸ́YÌN ÌTỌ́JÚ

Arábìnrin wa ti parí ìtọ́jú rẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Irun rẹ̀ tí ó re ti hù padà. Ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò ní àsìkò tí wọ́n dá fún un, ọkàn rẹ̀ a sì máa já bí ọjọ́ náà bá ń sún mọ́lé. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó dùn wá. Kí ó tó ṣàìsàn, òun ni ó máa ń dá wákà fún àwọn obìnrin. Láti ìgbà tí ó ti padà, ẹnikẹ́ni kò pè é kí ó dá a mọ́. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kó o ní wàhálà. Ó ní, "Ẹ ti sin mí kí n tó kú." Ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, òun ni ó dá wákà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, ọmọbìnrin tí ó la àìsàn yìí kọjá kì í ṣe ohun tí à ń sá fún nínú ìgbéyàwó. Ẹni tí ó bá fẹ́ fẹ́ ẹ, kí ó bá a lọ bá dókítà, kí ó gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀, kó tó pinnu.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun àti ìjáfara?
2. Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn Uthman kọ́ àwọn ọkọ?
3. Ta ni ó ń ṣàìsàn ní àdúgbò yín báyìí, ta ni yóò sì bá a lọ nígbà tí ó bá tún fẹ́ gba ìtọ́jú?

Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó ṣàánú àwọn tí ó ti lọ, kí Ó má sì jẹ́ kí ọwọ́ àwọn olùtọ́jú rẹ̀. Àmín.