Kọ́kọ́rọ́ Tí Ẹnìkan Kò Gbọdọ̀ Dá Mú Lọ́wọ́

Inú ìwé ńlá tí a tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ni a máa ń kọ máàkì sí nígbà kan. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń kó o sí, ní Alẹ́kùwọdò níhìn-ín àti níbòmíràn, ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo ni ó sì ń ṣí i. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá kú lójijì ńkọ́? Bí ẹnìkan bá fi owó bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ 35 di 70 ńkọ́?

Àwọn àgbà ìjọ mọ ọgbọ́n rẹ̀ tipẹ́: àpótí ọrẹ tí ó ní àgádágodo mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í pé sọ́wọ́ ẹnìkan. Ní ọdún 1979, Adi Shamir, ọmọ Ísírẹ́lì, fi ìṣirò ṣe irú rẹ̀. Ká ní 7 ni àṣírí wa. A mú 4 ní ìkọ̀kọ̀, a sì ń fi í kún 7 léraléra: ẹni kìíní gba 11, ẹni kejì 15, ẹni kẹta 19. A wá pa 7 àti 4 rẹ́. Ẹni tí ó ní 11 nìkan kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹni kìíní àti ẹni kẹta bá pàdé, 19 fi 8 ju 11 lọ. Ìṣísẹ̀ méjì ni ó wà láàárín wọn, nítorí náà 4 ni ìṣísẹ̀ kan. Yọ 4 kúrò nínú 11, 7 ti dé. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń lò gùn ju èyí lọ fíìfíì, ó sì ń yí po bí ti ojú aago.

Nínú oṣù kẹfà ọdún 2010, ní Culpeper ní Amẹ́ríkà, àjọ ICANN dá kọ́kọ́rọ́ tí ó jẹ́ gbòǹgbò ìgbẹ́kẹ̀lé fún orúkọ gbogbo orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ènìyàn 7 ni a yàn fún ibùdó náà. Ó kéré tán, 3 gbọ́dọ̀ pé kí ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Alain Aina, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin. Àìná! Ẹ̀yin náà mọ irú ọmọ tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ilé-ìwé, kọ̀ǹpútà àgbà kan tí à ń pè ní server àti kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí ń jẹ́ node ti tó: ọ̀kan lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀kan lọ́dọ̀ akápò, ọ̀kan nínú iyàrá kọ̀ǹpútà. Wáyà inú ọgbà ni kí ó so wọ́n pọ̀, kí ó má kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Kí olúkúlùkù ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà, àti ìwé ẹ̀rí tí àwọn yòókù fi ń dá a mọ̀. Aago wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Ibí yìí ni iná mànàmáná wa ti ń dá wàhálà sílẹ̀: bí bátìrì inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ bá ti kú, tí iná sì lọ, aago rẹ̀ á padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún, á sì máa kọ ìwé ẹ̀rí tòótọ́ pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé.

Server kò gbọdọ̀ ní ìpín kankan. Bí a bá sì ń kó ìpín méjì jọ sórí rẹ̀, odindi kọ́kọ́rọ́ á hàn níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, olè kò sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sàn kí node kọ̀ọ̀kan ṣe ìdá iṣẹ́ tirẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó fi èsì nìkan ránṣẹ́.

Kí ọjọ́ èsì ìdánwò tó dé, ẹ pa node kan: àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí. Ẹ pa èkejì. Bí ó bá tún ṣí, ẹ wá ibi tí odindi kọ́kọ́rọ́ fara pamọ́ sí.