Bí Polypropylene Yíyọ́ Ṣe Ń Di Kírísítà Lórí Ìwọ̀n Ooru Kan Ṣoṣo

Iṣẹ́: Kẹ́mísìrì
Kíláàsì: Sẹ́kọ́ńdírì Àgbà, Ọdún Kẹta
Àkókò: Ìṣẹ́jú 40

Èròǹgbà
Ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè:
(i) sọ ìdí tí ooru fi ń jáde bí kírísítà ṣe ń dì;
(ii) to ìgbésẹ̀ ìdánwò náà lẹ́sẹẹsẹ;
(iii) ka àkókò ìdajì lórí gíráàfù.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá
Akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ pé yìnyín máa ń gba ooru kó tó yọ́.

Ìfáàrà
Polypropylene ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ àga ike àti àpò ìrẹsì. Bó bá yọ́, àwọn mólékù rẹ̀ gígùn a lọ́ mọ́ra wọn. Bó bá ń tutù, apá kan nínú wọn a tò létòlétò, a di kírísítà, ooru a sì jáde. Ooru yìí ni ẹ̀rọ DSC (differential scanning calorimeter) ń wọ̀n. Watson àti O'Neill ló ṣe ẹ̀rọ náà ní 1962.

Ìgbésẹ̀
1. Fi ike bíi mílígíráàmù 5 sínú abọ́ àlùmíníọ̀mù kékeré, kí o sì dé e. Gbé abọ́ òfìfo kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìfiwéra. Jẹ́ kí náítírójìn máa fẹ́ sí wọn, kí ọ́síjìn má baà ba ike jẹ́.
2. Gbé ìwọ̀n ooru dé 200°C fún ìṣẹ́jú 5, kí kírísítà àtijọ́ yọ́ tán.
3. Sọ ìwọ̀n ooru kalẹ̀ kíákíá sí 130°C. Bí a bá fi falẹ̀, kírísítà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì lọ́nà, èsì á sì bàjẹ́.
4. Dúró lórí 130°C títí ooru kò fi ní jáde mọ́.

Kíka èsì
Ìlà gíráàfù tí ẹ̀rọ yà nípa ooru tó ń jáde á tẹ́jú, á ga sókè, á tún wálẹ̀. Ààyè abẹ́ òkè náà ni àròpọ̀ ooru tó jáde. Ìgbà tí ìdajì rẹ̀ pé ni àkókò ìdajì. Níwọ̀n bí ìwọ̀n ooru ẹ̀rọ kò ti yí padà, ìdì kírísítà nìkan ni ìlà náà ń ròyìn; ìdí nìyí tí ọ̀nà yìí fi ṣe é gbára lé.

Láàárín 1939 sí 1941, Melvin Avrami gbé ìṣirò yìí jáde:
X = 1 − e^(−ktⁿ)
X ni ìpín tó ti dì. t ni àkókò. k ń sọ bí ó ṣe yá tó. n ń tọ́ka sí bí kírísítà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe ń dàgbà.

Àkíyèsí
Lórí 120°C, àkókò ìdajì á kúrú ju ti 130°C lọ.

Ìgbéléwọ̀n
1. Kí ló dé tí a fi ń yọ́ ike náà tán pátápátá ní ìbẹ̀rẹ̀?
2. Kí ni ààyè abẹ́ òkè gíráàfù dúró fún?

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Bí n bá jẹ́ 3, tí àkókò ìdajì sì jẹ́ ìṣẹ́jú 4, ṣírò k. Fi gbogbo ìgbésẹ̀ ìṣirò rẹ hàn.