Ọrùn Ẹni Tó Fẹ́ Dáṣọ fún Wa

Ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Àgbowó n'Ìbàdàn ni mo ń bá wí. Ìgbà gbogbo lẹ ó máa rí ẹni tó máa ní ká tú ayé yìí ká, ká tún un tò. Mi ò ní kẹ́ ẹ lé e, torí ìlú tó ń ni mẹ̀kúnnù lára, ó yẹ kẹ́nì kan sọ̀rọ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ lé e, ẹ bi í léèrè ohun tí òun alára máa pàdánù.

Ẹ kọ́kọ́ wo Mao Zedong, ọmọ àgbẹ̀ ará Ṣáínà. Nígbà tí òun àtàwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń sá fún ọ̀tá ní 1934, ewu kan náà ló wà lórí gbogbo wọn. Ó gba ìjọba Ṣáínà ní 1949. Nígbà tó di 1958, ó ní káwọn àgbẹ̀ pa oko wọn pọ̀, kí wọ́n sì máa yọ́ irin lẹ́yìnkùlé. Àwọn aláṣẹ abúlé ń parọ́ pé ìkórè pọ̀ rẹpẹtẹ, ìjọba sì ń tìtorí irọ́ yẹn kó oúnjẹ lọ. Peng Dehuai, mínísítà ètò ààbò, kọ lẹ́tà sí Mao ní 1959 pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ nípò. Ìyàn tó tìdí ẹ̀ yọ pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn. Mao ò kúrò lórí àga olórí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ títí tó fi kú ní 1976.

Ẹ wá wo tilé. Ọlá Òní ń kọ́ àwọn ọmọ ní ètò ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò sì fi í pa mọ́ pé sọ́sálísìmù, ìyẹn pé kí ọrọ̀ ìlú wà lọ́wọ́ gbogbo ará ìlú, lòun ń ṣe. Ní 1978, ìjọba ológun fi kún owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́.  Ìwọ́de “Ali Must Go”, tí wọ́n fi ní kí Ali tó jẹ́ kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ fipò sílẹ̀, bẹ́ sílẹ̀, ìbọn sì pa ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n lé àwọn olùkọ́ kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Ọlá Òní sì wà lára wọn. Kò yí ohùn padà. Àgbowó yìí náà ló ti ń kó ìwé jọ, tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ jiyàn, títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 1999.

Èmi ò gba gbogbo ohun tó wí. Ẹni tó bá mọ ọjà Bódìjà mọ̀ pé obìnrin tó ni ìsọ̀ tirẹ̀ kì í fiṣẹ́ ṣeré, mi ò sì rí ìjọba tó lè bá a ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ọkùnrin yẹn fẹ́ dá fún wa, a rí i lọ́rùn rẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pè yín sípàdé, ẹ dìde, kẹ́ ẹ ta ko ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ aṣáájú yín, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá yóò jẹ́ kẹ́ ẹ sọ ọ́ parí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bó bá sì ní kẹ́ ẹ lọ ti géètì, tó jẹ́ pé òkè òkun lọmọ tiẹ̀ ti ń kàwé, ẹ kí i pé ó káre, kẹ́ ẹ padà sídìí ìwé yín.