ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Bí Gègé Ṣe Ń Mu Yíǹkì

Gègé oníyíǹkì tí àgbà oníṣẹ́-ọnà fi ọwọ́ ṣe, arẹwà tí í fi ẹnu wúrà sọ̀rọ̀ lórí ìwé, ikùn rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Láyé àtijọ́, ńṣe ni a ń kán yíǹkì sínú rẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ṣùgbọ́n bí ọgbọ́n kò ti pin sọ́dọ̀ ẹnì kan, Walter Sheaffer, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, gba ìwé-àṣẹ ní ọdún 1908 lórí gègé tí ó ní àpò rọ́bà nínú àti irin pẹlẹbẹ lára: bí a bá gbé irin náà sókè, àpò yóò fún pọ̀, afẹ́fẹ́ yóò jáde. Bí a bá dá a padà, àpò yóò wú, yóò sì fa yíǹkì mu. Ní 1929, ilé-iṣẹ́ Pelikan ní Jámánì gbé èyí tí kò lo àpò rárá jáde: ìdí rẹ̀ ni a ń yí, tí èdídí inú rẹ̀ fi ń gòkè, tí ó sì ń fa yíǹkì tẹ̀lé ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú gègé bẹ́ẹ̀, ẹ máa fi omi tútù ṣan ikùn rẹ̀ déédéé, nítorí yíǹkì tí ó gbẹ ni í dí i lọ́fun.