Ẹ Ka Àyè Kí Ẹ Tó Ka Ajá

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nílùú Èkó láti máa gba àwọn ajá Lhasa Apso tí olówó wọn ti kọ̀ sílẹ̀. Inú mi dùn sí i. Iṣẹ́ wà níbẹ̀: ẹni tó ń jápa kò rí ẹni fi ajá lé lọ́wọ́, ẹni tó ń fi abo ajá bímọ tà, bí kò bá bí mọ́, á tì í síta. Ṣùgbọ́n ẹ ka àyè kí ẹ tó ka ajá.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, n kò lè sọ pé rárá. Àyè ajá mẹ́rin ni mo ní, mo kó mẹ́sàn-án síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo gba ọmọ ajá kan tó sorí kodò, mo gbé e sáàárín àwọn yòókù. Àrùn parvo ló wà lára rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, mo ti sin márùn-ún. Èmi ni mo pa wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú ni mo ń ṣe.

Nítorí náà, ẹ ya ajá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14, kí abọ́ rẹ̀ dá wà. Kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kọ́kọ́ tọ́jú àwọn tí ara wọn le kó tó kàn án. Ọṣẹ lásán kì í pa parvo. Ẹ kó ìgbẹ́ kúrò, ẹ fọ ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ da Hypo tí ẹ ti fi omi là sí i. Kí dókítà ẹranko sì fún ajá náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Bí ajá bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Bí dìgbòlugi bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló kù.

Òkè Tibet tó tutù ni Lhasa Apso ti wá. Irun tó ń bò ó lọ́hùn-ún ló ń dà á láàmú ní Èkó. Bí a kò bá yà á, á ta kókó bíi dàda; eégbọn á wà lábẹ́ rẹ̀, nígbà míì ìdin. Ẹ má ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, torí awọ máa ń fà wọ inú kókó náà. Kílípà ni kí ẹ fi fá a, díẹ̀díẹ̀. Ojú tó bá ń ṣe ipin, ẹ má kàn máa nù ún. Ẹ gbé ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ní ilé àwọn mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà, Lhasa ló ń ṣọ́ inú ilé, tó ń gbó mọ́ àlejò. Ìwà yẹn ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kí ọmọ ọdún méjì lè rí nǹkan fi ṣeré, ẹ má fún un. Ẹ lọ wo ilé. Ẹ béèrè bóyá lándílọ́ọ̀dù gbà, ẹni tí yóò máa ya irun, àti ẹni tí yóò sanwó dókítà fún ajá tó lè lo ọdún 12 sí 15. Kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí dókítà ti ṣiṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àwọn tó ń bí ajá tà ló ń padà sí. Kí wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé pé bí apá wọn kò bá ká a mọ́, ọ̀dọ̀ yín ni wọn yóò dá a padà sí.

Bó bá jẹ́ àyè mẹ́rin lẹ ní, tó ti kún, tí ẹnì kan sì gbé ajá karùn-ún dé, ẹ wá ẹni tó lè gbà á sílé fúngbà díẹ̀, kí ẹ máa ra oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí, ẹ ní kí ẹni tó gbé e wá ṣe sùúrù. Ó lè bú yín, yóò sì dùn yín. Ẹ fara dà á. Títí di òní, mo ṣì ń rántí orúkọ àwọn márààrún tí mo sin.